ÍNTÍGÍRÀ TÍ KÒ NÍ FỌ́MÚLÀ: LÁTI ETÍ APẸ̀RẸ̀ DÉ Ẹ̀KỌ́ ÌṢIRÒ NÍ ÌBÀDÀN

1.0 ÌFÁÁRÀ

Bí a bá yọ ti orúkọ àdúgbò kúrò, ẹni tí ó ni apẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà 'alápẹ̀rẹ̀' ń tọ́ka sí. Ní Alápẹ̀rẹ̀ tí ó wà ní Kòsọ́fẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, apẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n, nítorí pé ọjà Máìlì 12, níbi tí a ti ń fi apẹ̀rẹ̀ kó tòmátò àti ata wá láti Òkè Ọya, kò jìnnà sí ibẹ̀. Etí apẹ̀rẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí yóò fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnu apẹ̀rẹ̀ bá rí róbótó gan-an, ẹni tí ó bá mọ ìbú rẹ̀ lè ṣírò gígùn pankẹ́rẹ́ tí yóò yí etí rẹ̀ po kí ó tó mú ọ̀bẹ. Yóò fi π, tí ó jẹ́ nǹkan bí 3.1416, sọ ìbú náà di púpọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama mọ èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹnu apẹ̀rẹ̀ náà bá gùn ní apá kan tí ó sì fún ní apá kejì, tí ó di irú òbìrìkìtì tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní élípìsì, nǹkan yí padà. Kò sí fọ́múlà kan, nínú irú èyí tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé, tí yóò sọ gígùn etí náà ní pàtó fún gbogbo élípìsì. Kì í ṣe pé a kò tíì wá a dé ibi tí ó wà. A ti fi ẹ̀rí hàn pé kò sí, àti pé kò sí ẹni tí yóò rí i láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni etí apẹ̀rẹ̀ náà wà níbẹ̀, tí ó ní gígùn tirẹ̀, tí okùn lásán sì lè wọ̀n ọ́n.

Láàrin ohun méjì yìí, pé gígùn náà wà àti pé fọ́múlà rẹ̀ kò sí, ni ìtàn tí a fẹ́ tọ́pinpin rẹ̀ wà. Nínú kíláàsì, a sábà máa ń gbọ́ kí olùkọ́ sọ pé íntígírà kan 'kò ṣe é ṣe'. Gbólóhùn yìí da ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀: pé ohun tí a ń wá kò sí rárá, pé ó wà ṣùgbọ́n a kò tíì rí i, àti pé ó wà ṣùgbọ́n kò ṣe é kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn àmì tí a ní lọ́wọ́. Ó gba àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Yúróòpù ohun tí ó lé ní 150 ọdún kí wọ́n tó ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Èyí tí ó kàn wá jù níbí ni pé inú ọ̀rọ̀ kẹta yìí ni díẹ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti ṣe iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá da ọ̀rọ̀ náà pọ̀ kò lè lóye ohun tí wọ́n ṣe.

2.0 KÍ NI A Ń WÁ?

Bí ọkọ̀ kan bá ń lọ lójú ọ̀nà, tí a sì mọ ìyára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kíkó gbogbo ìrìn kéékèèké wọ̀nyẹn jọ ni yóò sọ fún wa bí ọkọ̀ náà ti rìn jìnnà tó. Ìkójọ yìí ni íntígírà. Leibniz, ará Jámánì, ni ó mú àmì ∫ wá fún un ní ọdún 1675. Lẹ́tà S tí a fà gùn ni, ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí àròpọ̀ ni ó sì dúró fún. Ohun tí òun àti Newton fi hàn, olúkúlùkù lọ́tọ̀, ni pé ìkójọ yìí àti wíwá ìyára jẹ́ ìdàkejì ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìkójọ fọ́ńṣọ̀n kan lè wá fọ́ńṣọ̀n mìíràn tí ìyára ìyípadà rẹ̀ jẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ó sì fi òpin àti ìbẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ọ̀nà yìí dára púpọ̀ débi pé ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. A bẹ̀rẹ̀ sí rò pé fọ́ńṣọ̀n kejì yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú àpò kan náà tí àkọ́kọ́ ti jáde. Àpò náà kò tóbi: pólínómíà, ìdá, gbòǹgbò, exp, lọ́gárítímù, sáìnì, kósáìnì àti ẹgbẹ́ wọn, pẹ̀lú ohunkóhun tí a bá fi ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín àti kíkì ọ̀kan bọ inú èkejì mú jáde láti ara wọn. Àwọn ni a ó máa pè ní fọ́ńṣọ̀n ìpilẹ̀. Wíwá ìyára kì í mú ni jáde kúrò nínú àpò yìí, bí ó ti wù kí fọ́ńṣọ̀n náà gùn tó. Ìkójọ kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ híhun ṣe é tú sí òwú nígbàkigbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òwú tí a bá kó fún ahunṣọ ni yóò di aṣọ lórí òfì rẹ̀.

3.0 LÁTI FAGNANO DÉ LIOUVILLE

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe alábàápàdé ìṣòro yìí kò mọ ohun tí ó jẹ́. Láti ìgbà tí Kepler ti fi hàn ní 1609 pé ipa élípìsì ni ayé àti àwọn ìsọ̀gbè rẹ̀ ń tọ̀ yí oòrùn ká, gígùn etí élípìsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ nìkan mọ́. Newton fi àròpọ̀ aláìlópin yẹ ìṣòro náà sílẹ̀: ó ń kó ohun kéékèèké jọ títí tí ìyàtọ̀ yóò fi kéré tó bí ó ti fẹ́, kò sì bìkítà bóyá fọ́múlà wà tàbí kò sí. Ní 1718, Fagnano, ará Ítálì, rí ohun ìyanu kan: ó rí ọ̀nà láti sọ apá kan ẹ̀ka ìlà tí ó rí bí nọ́ńbà 8 di ìlọ́po méjì, láìmọ fọ́múlà gígùn apá náà. Euler gba iṣẹ́ yìí sọ́wọ́ ní ìparí 1751, ó sì sọ ọ́ di òfin gbogbo-gbòò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Legendre lo nǹkan bí 40 ọdún lórí àwọn íntígírà irú èyí. Ó pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ó sì ṣe ìwé àtẹ fún wọn. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Abel ará Norway àti Jacobi ará Jámánì, yí ìbéèrè náà padà pátápátá láàrin 1827 sí 1829. Ó yẹ kí a yìn ín pé kò bínú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń polówó iṣẹ́ wọn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe títí di ìgbà yẹn ni kí ó fi ẹ̀rí hàn pé fọ́múlà ìpilẹ̀ kò sí. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin kí ọdẹ sọ pé òun kò rí ẹran nínú igbó àti kí ó fi hàn pé ẹran kò lè gbé inú igbó náà. Abel ti fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà yìí kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó pa á ní 1829, ní ọmọ ọdún 26. Joseph Liouville, ará Faransé, ẹni tí a bí ní 1809, ni ó gba ibẹ̀ kọjá. Láàrin 1833 sí 1841, ó tẹ ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ jáde. Ó kọ́kọ́ fi hàn pé gígùn apá kan etí élípìsì kò sí nínú àpò ìpilẹ̀. Ní 1840 ó tún fi hàn pé bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún gbogbo etí náà lápapọ̀, bí a bá wò ó gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń yí padà pẹ̀lú bí élípìsì náà ti tẹ́ tó.

Kókó iṣẹ́ Liouville ṣe é sọ láìlo ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí íntígírà kan bá ní fọ́múlà nínú àpò ìpilẹ̀, fọ́múlà náà kò lè rí bó ṣe wù ú. Kò lè mú irú ohun tuntun wọlé ju pé kí ó fi lọ́gárítímù díẹ̀ kún ohun tí ó ti wà nínú fọ́ńṣọ̀n àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kí a wo exp(−x²), tí a ó tún bá pàdé níwájú. Gẹ́gẹ́ bí òfin Liouville, bí íntígírà rẹ̀ bá ní fọ́múlà ìpilẹ̀ rárá, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ h × exp(−x²), níbi tí h ti jẹ́ pólínómíà tàbí ìdá tí a fi pólínómíà kan pín òmíràn. Bí a bá wá ìyára èyí, a ó rí i pé h′ − 2xh gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Nísinsìnyí, bí h bá jẹ́ pólínómíà tí agbára rẹ̀ tí ó ga jù lọ jẹ́ n, 2xh yóò ní agbára n+1, ṣùgbọ́n h′ kò lè ju n−1 lọ. Kò sí ohun tí yóò pa agbára n+1 yẹn rẹ́, nítorí náà èsì kò lè jẹ́ 1. Bí h bá sì jẹ́ ìdá, ibì kan wà tí iye tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti di òfo. Ní ibẹ̀, wíwá ìyára a máa mú kí òfo náà jinlẹ̀ sí i ní ìpele kan nínú h′, 2xh kò sì jinlẹ̀ tó láti fi dí i. Ọ̀nà méjèèjì ti dí. Ẹni tí ó bá ka ìlà mélòó kan yìí ti rí ẹ̀rí tí Newton àti Euler kò rí.

4.0 BÍ A ṢE Ń LO OHUN TÍ KÒ NÍ FỌ́MÚLÀ

Bóyá àwọn kan yóò rò pé irú íntígírà bẹ́ẹ̀ kò wúlò. Òdìkejì èyí ni òótọ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sí apẹ̀rẹ̀. Kí a ní ẹnu rẹ̀ gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ó sì fẹ̀ ní 40. Ẹni tí ó bá fi ojú díwọ̀n yóò mú àárín méjèèjì, 50, yóò sì fi π sọ ọ́ di púpọ̀. Yóò rí 157.08 sẹ̀ǹtímítà. Pankẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ramanujan, ará Íńdíà, kọ fọ́múlà ìfojúdíwọ̀n kan sílẹ̀ ní 1914: bí a bá pe ìdajì gígùn ní a, tí a pe ìdajì fífẹ̀ ní b, a ó mú ìlọ́po mẹ́ta a+b, a ó yọ gbòǹgbò (3a+b)(a+3b) kúrò nínú rẹ̀, a ó sì fi π sọ ìyókù di púpọ̀. Fún apẹ̀rẹ̀ yìí ó fún wa ní 158.65. Bí a bá fi àròpọ̀ aláìlópin ṣe é, 158.65 náà ni a ó rí. Ìfojúdíwọ̀n ni, kì í ṣe gígùn náà gan-an, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kò lè rí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀.

Ojú ọ̀nà ni àpẹẹrẹ kejì. Ọ̀nà tí ó gba Alápẹ̀rẹ̀ kọjá lọ sí Ọ̀wọ́rọ̀nṣòkí ni a fi ń bọ́ sórí Afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990. Ní òdìkejì, ní agbègbè Kétu, ó ń darí ọkọ̀ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978. Níbi tí irú ọ̀nà ńlá báyìí bá ti fẹ́ yà, kò yẹ kí ọ̀nà tí ó ń lọ tààrà di róbótó lójijì, nítorí pé awakọ̀ tí ń sáré yóò ní láti já ọwọ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀rọ ọ̀nà ń kọ́ni ni kí a fi ìlà kan sáàárín, èyí tí yíyà rẹ̀ ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń rìn, kí awakọ̀ lè máa yí ọwọ́ ọkọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Euler ti bá ìlà yìí pàdé ní 1744 nígbà tí ó ń wo bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń tẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ojú irin tún un rí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ibi tí ìlà náà wà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, íntígírà kósáìnì x² àti íntígírà sáìnì x² ni ó ń sọ ọ́. Orúkọ Fresnel ni a fi ń pè wọ́n, nítorí pé ó lò wọ́n ní 1818 láti ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ti ń tẹ̀ létí òjìji. Kò sí èyí tí ó ní fọ́múlà ìpilẹ̀ nínú méjèèjì. Ọkọ̀ ń fi wọ́n yà lójoojúmọ́.

Exp(−x²) ni ó sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù. Òun ni ó wà nídìí ìlà tí ó rí bí agogo, tí De Moivre kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ní 1733. Christian Kramp ṣe àtẹ iye íntígírà rẹ̀ ní 1799 nítorí iṣẹ́ lórí bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ti ń tẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Àtẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣí lónìí láti mọ̀ pé 0.3413 ni ó wà láàrin òfo àti 1, ọmọ-ọmọ àtẹ Kramp ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sọ èyí fún un. Ó rò pé fọ́múlà kan wà níbì kan tí wọ́n fi ṣe àtẹ náà, tí a fi pa mọ́ fún òun.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun kan níbí, nítorí pé ó máa ń rú àwọn olùkọ́ pàápàá lójú. Bí a bá kó exp(−x²) jọ láti òpin kan dé òpin kejì láìdáwọ́ dúró, èsì rẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò π gan-an, nǹkan bí 1.7725. Euler náà fi hàn ní 1781 pé íntígírà Fresnel ní èsì pàtó bí a bá lọ títí láìlópin. Nítorí náà, àìní fọ́múlà fún ọ̀nà kò dí ni lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ọ̀nà parí sí.

5.0 Ẹ̀RỌ ÀTI ÒFIN LIOUVILLE

A lè yára kọjá ibí yìí. Liouville sọ bí fọ́múlà náà gbọ́dọ̀ ti rí bí ó bá wà, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀nà kan lélẹ̀ tí a lè tọ̀ fún gbogbo fọ́ńṣọ̀n. Ritt kó iṣẹ́ náà jọ sínú ìwé kan ní 1948. Rosenlicht fi áljébrà nìkan ṣe ẹ̀rí òfin náà ní 1968. Ní 1969, Robert Risch, ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí yóò rí fọ́múlà náà bí ó bá wà, tí yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ bí kò bá sí. Ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe íntígírà ti wà ṣáájú, èyí tí Slagle ṣe ní 1961 àti èyí tí Moses ṣe ní 1967, ṣùgbọ́n ìfòyegbé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àbùkù kan ṣì wà lára ọ̀nà Risch: ó gbà pé a lè mọ̀ nígbà gbogbo bóyá ohun tí a kọ sílẹ̀ jẹ́ òfo tàbí kò jẹ́ òfo. Richardson sì ti fi hàn ní 1968 pé èyí kò ṣeé ṣe fún gbogbo ohun tí a lè kọ.

6.0 ÌBÀDÀN

Àpilẹ̀kọ Liouville kan ṣẹ́kù tí a kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ni ó sì gbé wa dé ilé. Ní 1841, ó fi hàn pé ìdọ́gba ìyípadà kan tí ó rọrùn lójú, y′ + y² = x, kò ní ojútùú tí a lè rí nípa fọ́ńṣọ̀n ìpilẹ̀ àti íntígírà wọn, bí a ti wù kí a to ìkójọ lé ìkójọ tó. Bí ìdọ́gba kékeré yìí bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó ṣe sí àwọn tí ó le jù ú lọ? Poincaré ní Faransé láti 1881, àti Lyapunov ní Rọ́ṣíà ní 1892, dáhùn pé kí a yé wá fọ́múlà. Kí a bi ìdọ́gba náà léèrè nípa ìwà ojútùú rẹ̀. Ṣé yóò dúró sójú kan? Ṣé yóò máa padà síbi tí ó ti wá? Ṣé yóò sá lọ láìlópin? Bí a bá sọ orógbó sínú igbá tí ó jinlẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè kọ gbogbo ipa tí yóò yí gbà sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ̀ pé gíga rẹ̀ nínú igbá kò lè pọ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ mọ̀ pé kò ní bọ́ sóde, ó sì mọ ibi tí yóò sùn sí. Iṣẹ́ tí gíga yìí ń ṣe ni fọ́ńṣọ̀n Lyapunov ń ṣe fún ìdọ́gba.

Chike Obi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge ní 1950, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìṣirò. Ojútùú tí ń padà bọ̀ sípò rẹ̀ fún ìdọ́gba ìyípadà onípele kejì ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Ó kọ́ni ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, èyí tí ẹni tí ó bá gba Afárá Third Mainland ń rí létí ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí onímọ̀ lọ, èyí sì ṣeni láàánú. James Ezeilo tẹ̀lé e sí Cambridge, ó sì gba oyè tirẹ̀ ní 1959 lábẹ́ Mary Cartwright. Kò yẹ kí a fojú kéré ìsopọ̀ yìí. Cartwright àti Littlewood ni wọ́n dá ìpè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lóhùn ní 1938 nípa ìdọ́gba tí ń darí ẹ̀rọ rédíò, tí kò sí fọ́múlà fún ojútùú rẹ̀. Àpilẹ̀kọ wọn ti 1945 sì fi ìwà àjèjì inú ìdọ́gba náà hàn. Ezeilo kó ọgbọ́n yìí wá sí Ìbàdàn, ó gbé e lọ sórí ìdọ́gba onípele kẹta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, òun àti H. O. Tẹjúmọ́lá jọ tẹ àwọn àpilẹ̀kọ jáde níbi tí wọ́n ti kọ́ fọ́ńṣọ̀n Lyapunov fún ìdọ́gba lóríṣiríṣi, tí wọ́n sì fi hàn pé ojútùú wọn kò lè kọjá ààlà kan, tàbí pé ó gbọ́dọ̀ ní èyí tí ń padà bọ̀ sípò.

Àwọn kan a máa sọ pé irú iṣẹ́ yìí jẹ́ ti ẹni tí kò rí ojútùú. Ẹni tí ó bá ti ka Liouville mọ̀ pé kò sí fọ́múlà tí wọ́n ì bá rí. Ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn ni wọ́n béèrè, wọ́n sì dáhùn rẹ̀ láti ìlú Ìbàdàn dé ojú ìwé tí gbogbo ayé ń kà.

7.0 Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ Ọ̀RỌ̀

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Láti 1970 tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìperí fún ìṣirò kéékèèké ti wà. Bí a bá gbé e dé kálíkúlọ́ọ̀sì, a ó nílò orúkọ fún irú íntígírà tí a ti ń sọ yìí. Ẹni tí ó bá kánjú yóò pè é ní 'íntígírà àìlèṣírò'. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n irọ́ ni, nítorí pé a ṣírò ti apẹ̀rẹ̀ lókè, a sì rí 158.65. 'Íntígírà aláìnífọ́múlà' sàn jù, àmọ́ ó fi nǹkan kan sílẹ̀: bí a bá fún íntígírà exp(−x²) ní orúkọ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ṣe, tí a sì jù ú sínú àpò, ó di ohun tí ó ní fọ́múlà lójú ẹsẹ̀. Àpò ni ó yí padà. Íntígírà náà wà bí ó ti wà. Nítorí náà, ó yẹ kí a dárúkọ àpò náà mọ́ ọn: 'íntígírà aláìnífọ́múlà-ìpilẹ̀', bí ó tilẹ̀ gùn lẹ́nu.